Kí Ni Ká Kọ́kọ́ Tún Ṣe Lóko? Àtúpalẹ̀ Géèmù Stardew Valley

Ọ̀pọ̀ yín ló mọ̀ pé ìwé ni mo fi gbogbo ayé mi kà: ìtàn àròsọ, ewì, eré onítàn. Ẹ má bínú pé géèmù ni mo gbé wá lónìí. Ẹjọ́ ni wọ́n gbé wá bá mi, mo sì ní láti dá a.

Ọmọ ọmọ mi obìnrin tó wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ wa ló ké láti inú yàrá lálẹ́ ọjọ́ kan: "Bàbá, ẹ wá wo ìrẹ́jẹ o!" Mo sáré wọlé, mo rò pé ẹnì kan ló tẹ̀ ẹ́ lójú mọ́lẹ̀ lórí fóònù. Kọ̀ǹpútà ló ń nawọ́ sí. Àbẹ́là mẹ́ta ló ń jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta kan níbẹ̀, ìkẹrin kò tàn. Ó ti dáko fún ọdún méjì, ọdún inú géèmù ni o. Owó tó ti pa lé ní mílíọ̀nù kan. Irinṣẹ́ rẹ̀ gbogbo ló ti gbé dé ipò wúrà. Bàbá àgbà inú géèmù náà wá yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò, àbẹ́là mẹ́ta péré ló tàn fún un nínú mẹ́rin.

Ó ní, "Bàbá, kí ni mo ṣe tí ò dáa? Gbogbo ohun tí wọ́n ní kéèyàn kọ́kọ́ tún ṣe ni mo kọ́kọ́ tún ṣe."

Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn ló mú mi jókòó. Ta ni "wọ́n"? Kí sì ni "kọ́kọ́"? Mo ní kó ṣí oko tuntun fún èmi náà. Láti ìgbà náà ni mo ti ń dáko, tí ìyá àgbà ń bi mí bóyá n ò ní jẹun. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ sọ. Ní ṣókí: àwọn tó ń tọ́ni sọ́nà nínú géèmù yìí ka ìdajì rẹ̀ dáadáa, wọn ò ka ìdajì kejì. Géèmù náà fúnra rẹ̀ sì ní ibi tó ti tan wá jẹ. Ẹ jẹ́ ká mú un lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ohun tó wà nílẹ̀

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ ọ́n: Stardew Valley jáde ní oṣù kejì ọdún 2016. Ọ̀gbẹ́ni kan ní Amẹ́ríkà, Eric Barone, tó ń jẹ́ ConcernedApe lórí iṣẹ́ rẹ̀, ló dá a ṣe. Òun ló kọ ètò kọ̀ǹpútà rẹ̀, òun ló ya àwòrán rẹ̀, òun náà ló ṣe orin rẹ̀. Ó lé ní ọdún mẹ́rin tó fi ṣe é. Ẹ̀gbọ́n tí géèmù yìí ń wò bíi dígí ni Harvest Moon, tí Yasuhiro Wada ṣe ní Japan ní ọdún 1996. Ìgbèríko ni Wada dàgbà sí kó tó lọ sí Tokyo. Ẹ fi èyí sọ́kàn: ẹni tó kúrò lóko tí àárò oko ń sọ ló dá irú géèmù yìí sílẹ̀.

Ìtàn rẹ̀ kò ta kókó. Bàbá àgbà kan wà lórí àìsàn ikú, ó fún ọmọ ọmọ rẹ̀ ní lẹ́tà kan pé kó má tíì ṣí i. Ọmọ náà dàgbà, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ńlá kan tí ń jẹ́ Joja, iṣẹ́ ọ̀hún sì sú u. Ó ṣí lẹ́tà. Oko bàbá àgbà ló jogún. Ó kó ẹrù, ó dé ìletò, ó bá igbó, òkúta àti kùkùté igi nílẹ̀. Owó ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ 500g, hóró irúgbìn parsnip 15 sì ni ọ̀gá ìlú fi ta á lọ́rẹ. (Parsnip dà bíi kárọ́ọ̀tì funfun.)

Ọjọ́ 28 ni ìgbà kọ̀ọ̀kan, ìgbà mẹ́rin ló wà nínú ọdún kan: ìgbà ìrúwé, ìgbà ooru, ìgbà ìwọ́wé, ìgbà òtútù. Láàárọ̀, okun ara rẹ jẹ́ 270. Gbogbo ìgbà tí o bá ju ọkọ́, tí o bá gé igi, tí o bá bomi rin ewéko kan, nǹkan bíi 2 ń kúrò níbẹ̀. Tí aago méjì òru bá lù tí o kò tíì sùn, wàá ṣubú lulẹ̀ níbi tí o bá wà.

Ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ ìlú, Clint, ni wọ́n ti ń gbé irinṣẹ́ ga. Ipò bàbà, 2,000g. Ipò irin, 5,000g. Ipò wúrà, 10,000g. Ipò iridium, 25,000g. Lórí owó yìí, wàá tún kó ọ̀pá márùn-ún nínú ohun tí wọ́n fẹ́ fi rọ ọ́ wá. Irinṣẹ́ náà yóò wà lọ́dọ̀ rẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Nínú ọjọ́ méjì yẹn, ọwọ́ òfìfo lo wà.

Èwo ni ká kọ́kọ́ gbé lọ? Agolo ìbomirin ni, àbí àáké, àbí dígà? Àbí ká fi owó ra báàgì tó tóbi sí i, ká kọ́ ilé adìẹ, ká kọ́ àká, ká fẹ ilé tí à ń gbé? Owó kan náà ni gbogbo wọn ń bá jà.

Kíkà àkọ́kọ́: ohun tó ń jẹ ọwọ́

Ìmọ̀ràn tí ọmọ yìí rí gbà ni pé kó kọ́kọ́ gbé agolo ìbomirin ga, kó sì gbé e dé òkè. Kò ṣòro láti mọ ohun tó fà á. Omi ni iṣẹ́ àárọ̀. Ẹni tó gbin ohun 60 ń fi nǹkan bíi 120 nínú okun 270 rẹ̀ bomi kí ó tó rí imú mí. Tí agolo bá dé ipò bàbà, ìbomi kan lè kan ewéko mẹ́ta. Ní ipò irin ó di márùn-ún, ní ipò wúrà ó di mẹ́sàn-án, ní ipò iridium ó di 18. Ta ni kò ní fẹ́?

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò, bí a ti máa ń ka ìlà ewì sílébù sí sílébù. Láti gbé agolo kúrò ní bàbà dé wúrà, wàá san 15,000g, wàá sì kó ọ̀pá irin márùn-ún àti ọ̀pá wúrà márùn-ún lé e. Nígbà tí ìmọ̀ rẹ nínú iṣẹ́ oko bá dé ipele 6, géèmù yóò kọ́ ọ bí o ṣe lè fi ọwọ́ ara rẹ ṣe ẹ̀rọ tó ń fọ́n omi. Ẹ̀rọ kan ń gba ọ̀pá irin kan, ọ̀pá wúrà kan, àti quartz tí a ti yọ́ kan. Ewéko mẹ́jọ tó yí i ká ló ń bomi rin láràárọ̀, láìsí ọwọ́ rẹ níbẹ̀. Nítorí náà, irin márùn-ún àti wúrà márùn-ún tí o kó fún Clint yẹn, ẹ̀rọ márùn-ún ni ì bá jẹ́ tí o bá wá quartz kún un. Ewéko 40 ni wọn ì bá máa bomi rin nígbà tí o ṣì ń sùn. Owó 15,000g yẹn ì bá sì wà lápò rẹ.

Ṣé ẹ rí ìyàtọ̀ náà? Agolo wúrà mú kí iṣẹ́ náà yá. Ẹ̀rọ mú iṣẹ́ náà kúrò nílẹ̀. Nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ìgbéga kan wà tó ń fún ọ lágbára láti ṣe púpọ̀ sí i nínú iṣẹ́ kan náà. Òmíràn wà tí kì í jẹ́ kí o ṣe é mọ́ rárá. Ẹni tó ń rà ti àkọ́kọ́ nìkan yóò di ọlọ́rọ̀ tí kò ráyè. Ọmọ ọmọ mi nìyẹn gẹ́lẹ́. Pẹ̀lú agolo wúrà lọ́wọ́, ó tún fẹ oko, ó tún ń bomi títí di ọ̀sán.

N ò sọ pé agolo kò ní àsìkò tirẹ̀ o. Ipele 6 kì í yá dé. Ẹni tí oko rẹ̀ ti pọ̀ nígbà ìrúwé àkọ́kọ́ kò ní ṣàṣìṣe tó bá gbé e dé ipò bàbà. Tí ẹ bá sì fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ tan tẹlifíṣọ̀n ilé yín nínú géèmù náà, ẹ gbọ́ bí ojú ọ̀run yóò ṣe rí lọ́la. Tí wọ́n bá ní òjò ń bọ̀ lọ́la, ẹ bomi rin oko láàárọ̀ òní, kí ẹ gbé agolo fún Clint lẹ́yìn náà. Lọ́la, òjò á bá yín ṣe é. Lọ́tùn-únla, ẹ lọ gbà á ní aago mẹ́sàn-án tó bá ṣílẹ̀kùn. Ọjọ́ kan kò bọ́. Tàbí kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ tí ìgbà bá parí, nígbà tí ohun tó wà lóko kò wúlò mọ́, tàbí nígbà òtútù tí ilẹ̀ ìta kò gba ọ̀gbìn tó tó nǹkan. Irú ọgbọ́n yìí ló mú mi fẹ́ràn géèmù náà. Kò san èrè fún ẹni tó lówó níbí, ẹni tó ń wojú ọ̀run ló ń san án fún.

Àwọn wo ni kí ó wá ṣáájú? Bí mo ṣe tò ó nìyí lẹ́yìn tí mo ti ṣìṣe lẹ́ẹ̀mejì.

Irúgbìn ni kí gbogbo owó ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lọ sí. Ẹni tó fi 2,000g àkọ́kọ́ rẹ̀ rọ àáké kí ó tó ní ohun tó ń hù nílẹ̀, ó ti jẹ irúgbìn rẹ̀ tán. Ẹ sì rántí pé lọ́jọ́ 13 ìgbà ìrúwé, níbi ayẹyẹ ẹyin, wọ́n ń ta irúgbìn strawberry ní 100g. Kí owó wà lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ náà.

Báàgì ni èkejì. 2,000g ló ń gbà, ó sì sọ àyè 12 di 24. Kò dùn ún yangàn, ṣùgbọ́n ẹni tó wọ ibi ìwakùsà tí báàgì rẹ̀ kún ní agogo méjìlá ọ̀sán, ó ti sọ ìdajì ọjọ́ nù.

Ẹ̀kẹta ni dígà. Ìdí ni pé dígà ló bí àwọn tó kù. Bàbà, irin, wúrà, inú ihò ilẹ̀ ni gbogbo wọn wà. Dígà tó mú ń tètè gbé ọ sọ̀kalẹ̀ dé ibi tí irin wà, àti ibi tí wúrà wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Àáké tẹ̀lé e, nítorí àáké ipò bàbà ló lè la kùkùté ńlá tó ń mú igi líle wá.

Èyí tí àwọn èèyàn máa ń gbójú fò ni àká. 100g péré ni owó rẹ̀, pẹ̀lú òkúta 100, amọ̀ 10 àti ọ̀pá bàbà márùn-ún. Tí kò bá sí àká, koríko tí o fi dòjé gé nígbà ìrúwé, lásán ló lọ. Tí àká bá wà, ó ń di oúnjẹ ẹran. Àwọn tó kánjú kọ́ ilé adìẹ ní 4,000g láìkọ́ àká, ìgbà òtútù ni wọ́n máa ń mọ̀ pé àwọn ti fi koríko ọ̀fẹ́ ṣòfò, wọ́n á wá máa fi owó ra èyí tí adìẹ ń jẹ. Ohun tó kéré jù lówó ló yẹ kó ṣáájú ohun tó wọ́n. Àgbẹ̀ wa kan kò nílò géèmù kó tó mọ̀ pé kíkọ́ ilé adìẹ kọ́ ni ìnáwó, bíbọ́ adìẹ ni.

Kíkà kejì: ohun tí owó kò lè mú yá

Ibi tí mo bá dé yìí ni àwọn atọ́nisọ́nà máa ń dúró sí. Ẹ̀rọ ti ń bomi, owó ń wọlé, ó parí. Ṣùgbọ́n ẹ ṣì rántí àbẹ́là kẹrin.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí wádìí bí bàbá àgbà ṣe ń gba máàkì. Ìṣirò náà kì í ṣe àṣírí fún ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n. Máàkì 21 ló wà. Ẹni tó bá ní 12 gba àbẹ́là mẹ́rin. Ẹni tó ní 8 sí 11 gba mẹ́ta. 4 sí 7, méjì. Nínú 21 yẹn, mélòó ni ti owó? Méje. Ẹni tó pa mílíọ̀nù kan ti kó méje yẹn tán pátápátá. Tó bá pa mílíọ̀nù mẹ́wàá, méje náà ni. Tó bá jẹ́ owó nìkan lo mú wá, àbẹ́là méjì lo máa rí.

Máàkì 14 tó kù wà níbòmíràn. Ìmọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ ní méjì. Tí o bá ní ọ̀rẹ́ márùn-ún tí ìfẹ́ yín jinlẹ̀ dé ọkàn mẹ́jọ, máàkì kan. Tí wọ́n bá di mẹ́wàá, ó di méjì. Tí o bá ti gbéyàwó tàbí lọ́kọ, tí o sì ti fẹ ilé rẹ lẹ́ẹ̀mejì, máàkì kan. Ẹran ọ̀sìn tó fẹ́ràn rẹ, ọ̀kan. Títún gbọ̀ngàn ìlú tó ti di ahoro ṣe, pẹ̀lú wíwà níbi ayẹyẹ ṣíṣí rẹ̀, mẹ́ta. Ìyókù jẹ́ ti ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí, ti ẹja, ti ọjà, àti ti kọ́kọ́rọ́ méjì.

Ẹ wá wo ti ọ̀rẹ́. Ẹ̀bùn méjì péré lo lè fún ẹnì kan láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Kò sí bí owó rẹ ṣe pọ̀ tó, kò lè di mẹ́ta, àfi tí ọjọ́ ìbí onítọ̀hún bá bọ́ sínú ọ̀sẹ̀ náà, tàbí tó bá jẹ́ ẹni tí o ti fẹ́. Ọdún méjì jẹ́ ọjọ́ 224, ìyẹn ọ̀sẹ̀ 32. Yàtọ̀ sí ti ọjọ́ ìbí, ẹ̀bùn 64 ni gbogbo ohun tó wà láàárín ìwọ àti ẹnì kan tí o kò fẹ́ kí bàbá àgbà tó dé. Ọ̀sẹ̀ tó bá kọjá láìsí ẹ̀bùn, ó ti lọ. O kò lè padà wá rà á lọ́dún kejì. Igi eléso náà rí bẹ́ẹ̀: ọjọ́ 28 ló fi ń dàgbà, o kò lè fi wúrà lù ú kó yá.

Òfin tí mo rí fà yọ nìyí, òun ni mo sì fẹ́ kí ẹ mú lọ: oríṣi ohun méjì ló wà nínú oko yìí, ohun tí owó lè mú yá, àti ohun tí ọjọ́ nìkan lè mú gbó. Èyí tí ọjọ́ nìkan lè mú gbó ni kí á kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, kódà bí kò bá tíì mówó wá. Èyí tí owó lè mú yá lè dúró, nítorí ìgbàkígbà tí owó bá dé, á yá.

Ẹ fi òfin yìí wo ìfẹ̀sí ilé. 10,000g àti igi 450 ni ìfẹ̀sí àkọ́kọ́. Kò mú kọ́bọ̀ kan wọlé. Gbogbo ìmọ̀ràn olówó ló ní kí o fi í sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n láìsí ìfẹ̀sí yẹn, o kò lè fẹ́ ẹnikẹ́ni. Àti pé ìfẹ̀sí náà ló mú ilé ìdáná wá, níbi tí o ti lè se oúnjẹ tó ń dá okun padà sára, tí o sì lè fi tọrẹ. Ìgbéga tó jọ fàájì yìí, òun ni ìlẹ̀kùn sí ohun tí o kò lè kánjú rà lẹ́yìn. Yorùbá ní èèyàn laṣọ mi. Barone kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n òwe yẹn ló fi ṣe ìṣirò máàkì rẹ̀.

Ọgbọ́n inú ẹ̀rọ tó ń fọ́n omi wá yé mi kedere. Kì í ṣe owó ni ẹ̀rọ yẹn ń pa fún ọ, òwúrọ̀ ló ń dá padà fún ọ. Ìbéèrè tí géèmù sì ń bi ọ́ lábẹ́nú, láìsọ ọ́ síta, ni pé: kí lo fẹ́ fi òwúrọ̀ náà ṣe? Tí o bá tún fi fẹ oko, o kò tíì dáhùn ún.

Ìdájọ́ lórí oko ọmọ ọmọ mi

Mo ní kó ṣí ojú ewé tí orúkọ àwọn ará ìlú wà. Ọ̀pọ̀ wọn kò ní ju ọkàn méjì mẹ́ta lọ. Ó mọ iye tí Clint ń gbà lórí agolo, kò mọ ọjọ́ ìbí Clint. Gbọ̀ngàn ìlú, kò parí rẹ̀. Ilé rẹ̀ ṣì jẹ́ yàrá kan tó bá nílẹ̀, ibùsùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, pẹ̀lú mílíọ̀nù kan.

Mo ní, "Ìrẹ́jẹ kọ́ nìyí. Owó fún ọ ní méje. Ìmọ̀ iṣẹ́ fún ọ ní díẹ̀. O kò mú nǹkan mìíràn dání."

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Ṣùgbọ́n Bàbá, wọn ò sọ fún mi."

Mo sọ òtítọ́ fún un: apá kan ẹjọ́ náà dá a láre. Géèmù yìí fi iye owó sí igun ojú ìwòran láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ó sì ń ka èrè ọjọ́ kọ̀ọ̀kan fún ọ kí ilẹ̀ tó mọ́, pẹ̀lú ìró owó. Àwọn ọkàn ọ̀rẹ́, inú ojú ewé kan ló kó wọn pamọ́ sí. Ohun tí ó ń fi hàn ọ́ lójoojúmọ́ yàtọ̀ sí ohun tí yóò fi dá ọ lẹ́jọ́. Mo kà á sí àlébù nínú iṣẹ́ ọnà náà, kì í ṣe àlébù kékeré. Olùkọ́ tó bá ń fi máàkì fún ìwé títẹ̀ lójoojúmọ́, tó wá fi ìwà dá ọmọ dúró ní kíláàsì lópin ọdún, à ń bá a wí.

Ẹnìkan lè ní bóyá ohun tó fẹ́ kọ́ wa gan-an nìyẹn, pé ayé bẹ́ẹ̀ ló rí. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó tún fi ọ̀nà àtúnṣe sílẹ̀: gbé òkúta dáyámọ́ǹdì kan sí ojúbọ bàbá àgbà, yóò tún padà wá yẹ̀ ọ́ wò. Àánú wà nínú rẹ̀ nìyẹn.

Ibi tí oko náà ti parọ́

N ò lè parí láìsọ eléyìí, nítorí díẹ̀ nínú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi ti di àgbẹ̀ gidi. Ọ̀kan nínú yín bi mí lórí fóònù, nígbà tó gbọ́ ohun tí mo ń ṣe, pé ṣé òun lè fi ètò yìí kọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó ń bá òun ṣiṣẹ́ lóko. Mo ní kó fi ìdajì rẹ̀ kọ́ wọn.

Nínú Stardew Valley, parsnip kan jẹ́ 35g. Tó o bá tà kan, 35g. Tó o bá ta ẹgbẹ̀rún kan lálẹ́ ọjọ́ kan, 35g náà ni lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, àyàfi tí èyí tó dára jù bá wà níbẹ̀. Ọjà kò kún rí. Ṣé ẹ mọ ọjà tí kì í kún? Ẹ bi àwọn tó ń kó tòmátì wá sọ́jà ní àsìkò tí gbogbo oko bá pọ́n pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Nínú géèmù, fífẹ oko jẹ́ èrè nígbà gbogbo. Lóko gidi, ó lè jẹ́ pé ohun tó yẹ kéèyàn kọ́kọ́ tún ṣe ni ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà dé oko, tàbí ibi tí wọ́n ti lè sọ irè di ohun tí kì í tètè bàjẹ́. Kò sí èyí tó jọ bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ Clint.

Ilẹ̀ rẹ̀ kì í sì í rẹ̀. O lè gbin nǹkan kan náà sójú kan náà fún ọdún mẹ́wàá. Ẹni kan kì í bi ọ́ ní owó ilẹ̀. Ẹyẹ lè ṣà ọ́ ní nǹkan tí o kò bá ri aṣọ́komásùn mọ́lẹ̀.

Èyí tó dùn mí jù ni pé, nínú ìlú tí wọ́n ní kí o fẹ́ràn gbogbo ènìyàn, yàtọ̀ sí ẹni tí o bá fẹ́, ẹnì kankan nínú wọn kì í wá bá ọ ṣiṣẹ́ lóko rẹ. Nílẹ̀ wa, kí irin ọkọ́ ẹnìkan tó dára ju ti ẹnìkejì lọ ni a ti ní ìgbéga tiwa: àáró, níbi tí àwọn ẹgbẹ́ ń ro oko ara wọn yípo, lónìí tèmi, lọ́la tìrẹ; àti ọ̀wẹ̀, níbi tí ẹni tó níṣẹ́ ti ń pe èèyàn jọ, tó sì ń bọ́ wọn. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Nínú Stardew, ọ̀rẹ́ ń fún ọ ní lẹ́tà àti ẹ̀bùn, kò fún ọ ní ọwọ́. Bóyá ẹni tó dá nìkan ṣe iṣẹ́ fún ọdún mẹ́rin kò lè ya oko tó yàtọ̀ sí yàrá iṣẹ́ rẹ̀. Láti ọdún 2018, ó ti ṣeé ṣe kí ọ̀pọ̀ èèyàn jọ dá oko kan pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ gbìyànjú rẹ̀. Lọ́jọ́ tí èmi àti ọmọ yìí jọ dá a, tí òun wà nínú ihò tó ń wa irin, tí mo ń kó ẹ̀bùn kiri ìlú, ìbéèrè pé èwo ni ká kọ́kọ́ tún ṣe rọ̀ gan-an. Kò tún dà bí ẹni pé owó kan ṣoṣo la ní.

Níparí

Ìdájọ́ mi: géèmù tó dára ni, ó tọ́ kí àgbà jókòó tì í. Ohun tó kọ́ni nípa àkókò jinlẹ̀ ju ohun tó kọ́ni nípa owó lọ. Ètò tí mo kọ fún ọmọ ọmọ mi, tó lẹ̀ mọ́ ara kọ̀ǹpútà rẹ̀, nìyí: irúgbìn, báàgì, dígà, àká, àáké, ẹ̀rọ omi gbàrà tí ipele bá ti tó, ilé kí ọdún àkọ́kọ́ tó parí, agolo, lọ́jọ́ tí òjò bá ń bọ̀. Lábẹ́ gbogbo rẹ̀ ni mo kọ ọ́ sí pé ẹ̀bùn méjì lọ́sẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, nígbà tí o kò tíì ní nǹkan kan.

Ó ti padà sí iléèwé. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá ó pè, ó ní òun ti gbé dáyámọ́ǹdì lọ sí ojúbọ, àbẹ́là kò tíì pé mẹ́rin, ṣùgbọ́n òun ti mọ ọjọ́ ìbí Clint. Ọjọ́ 26 ìgbà òtútù ni.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ń dáko níbẹ̀, ẹ kọ ètò tiyín ránṣẹ́ sí mi. Ẹni tó bá rò pé mo fi ìyà jẹ agolo ìbomirin, kó mú ìṣirò wá. Bí mo ṣe máa ń sọ ní kíláàsì, "mo rò pé" kì í ṣe ẹ̀rí.